Ṣé dandan ni ká gbọ́ ohùn ká tó mọ ohun tí a wá ṣe láyé?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó tọ́jú ẹ̀ dìgbà tó bá sinmi, kó wá fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wá bá wa fún àdúrà: "Pásítọ̀, ẹ bá mi bi Ọlọ́run, kí ni mo wá ṣe láyé gan-an?" Ẹni tó jáde yunifásítì tó ń ṣe POS lẹ́bàá títì ń bi wá. Ẹni tó gba fúríìdọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ tán tí kò tíì rówó ra ẹ̀rọ ń bi wá. Tíṣà tó ti ń kọ́ ọmọ ní A, B, D láti bí ogún ọdún ń bi wá. Kódà àwọn bàbá àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà ń bi wá, torí ilẹ̀ ti ń mọ́ báyìí, kò sì síbi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò mọ ìdí tó fi ń jí láràárọ̀, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀, owó tó bá sì rí kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. A ti rí ẹni tó pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, tó ń ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, tó ní òun ń dúró de ìgbà tí Ọlọ́run máa pe òun lórúkọ. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá. Ìyàwó ló ń bọ́ ilé. Nígbà tó yá, ohun tó wá ń sọ ni pé bóyá Ọlọ́run ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ kí ìtàn bá wa dá sí i lónìí.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń retí ohùn kò ṣòroó mọ̀. Ìtàn Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nínú ìgbàgbọ́. Wọ́n bí bàbá yìí ní 1904. Ó lọ sí iléèwé díẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ PWD, ẹ̀ka ìjọba tó ń la títì láyé òyìnbó. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ títì ló ń wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákéjì. Ìtàn ìjọ sọ pé ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù. Ó sì fi í sílẹ̀. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Christ Apostolic Church mọ ohun tí ìsọjí yẹn bí. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ló wà ní Ìkéjì-Arákéjì lónìí.

A gba ìtàn yìí gbọ́, a sì ń fi í wàásù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, ohùn náà bá bàbá lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kò bá a lórí ẹní. Ìkejì, kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ PWD lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn yòókù tí kò gbọ́ ohùn kankan ńkọ́? Àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀, tó ń gbẹ́ gọ́tà, tó ń fọ́ òkúta? Àwọn ló parí títì náà. Orí títì náà ni àwọn oníwàásù gbà lọ sí ìlú dé ìlú, orí rẹ̀ ni aláboyún gbà dé ọsibítù. Ṣé a ó wá sọ pé Ọlọ́run ò ní iṣẹ́ kankan fún àwọn yẹn láyé?

Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ mú ọkùnrin mìíràn wá síwájú yín lónìí. Kò jìnnà sí wa. Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí wa níbí ló ti ṣe pásítọ̀, ibẹ̀ ló sì ti parí iṣẹ́ tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń lọ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ wa yìí ló ń gbà kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Johnson. Òun ló kọ ìwé ńlá tí a mọ̀ sí The History of the Yorubas.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó yẹn tàn yín jẹ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Wọ́n ní ìran Aláàfin Abíọ́dún ni ìdílé wọn. Ogun ló kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì bá ara rẹ̀ ní Sàró, ìyẹn ilẹ̀ Sẹ̀rà Líónì. Ibẹ̀, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Hastings, ni wọ́n ti bí Samuel ní oṣù kẹfà ọdún 1846. Ní nǹkan bí 1857 ni ìdílé náà padà sílé pẹ̀lú míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ David Hinderer, ọmọ Jámánì tó dá ìjọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni Samuel nígbà náà. Ẹ rò ó wò. Ilé tí wọ́n sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni, kò dé ibẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ilé tó dé ọ̀hún kò fara rọ. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, kò parí títí di 1862. Ọ̀nà dí, ẹrù kò gba Abẹ́òkúta wọlé mọ́, ebi sì han ilé àwọn míṣọ́nnárì léèmọ̀. Ó gbọ́ ìró ìbọn, ó rí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n ń wọ́ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán an lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ òyìnbó Bühler, tí òun náà jẹ́ ọmọ Jámánì. Ó parí níbẹ̀ ní 1865. Ní 1866 ó padà sí Ìbàdàn, ó di tíṣà.

Tíṣà ni o, ẹ̀yin ará. Kò sí iná tó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti ìṣirò, ó ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má mú ọmọ kúrò níléèwé lọ oko. Bó ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ní 1875 wọ́n fi í ṣe kátíkíìsì ní Arẹ̀mọ, ní Ìbàdàn kan náà. Ní 1880 ó di díákónì. Nígbà yẹn ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú wa, ká ní àwa ni, à bá ti sọ láti ọdún kẹta pé "ibí yìí kọ́ ni àyànmọ́ mi."

Báwo ló ṣe wá dé ìdí ìwé ìtàn? Inú iṣẹ́ yẹn gan-an ni. Àwọn olùkọ́ àti kátíkíìsì ìgbà náà gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Ẹni tí wọ́n wàásù fún, ohun tí ẹni náà fi dá wọn lóhùn, ogun tó kọjá, olóyè tó kú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ẹlòmíì máa kà á sí wàhálà, á kàn kọ ìlà mélòó kan kó lè bọ́ nínú ẹ̀. Johnson kọ tirẹ̀ dáadáa. Ẹ rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ iṣẹ́ ńlá náà lára kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ náà mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Kátíkíìsì kì í jókòó sílé. Ó ń wọ agboolé dé agboolé, ó ń kí ẹni tó ń ṣàìsàn, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó. Àwọn arúgbó ìgbà náà sì kì í ṣe arúgbó lásán. Bàbá kan wà nínú ìjọ Ìbàdàn tó ń jẹ́ David Kúkọ̀mí, tó ti ja ogun nígbà èwe rẹ̀, tó fojú ara rẹ̀ rí bí Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ ṣe ń tú. Josiah Oni wà, oníṣòwò tó ti rin ọ̀nà jíjìn. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìmọ̀ ìtàn. Àwọn arọ́kin sì wà láàfin Ọ̀yọ́, tó jẹ́ pé ìtàn àwọn ọba ni iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran. Johnson ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń sọ, ó ń kọ. Ohun tí Kúkọ̀mí bá sọ, á gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ohun tí Lágúnjú sọ.

Ibẹ̀ ló ti rí ohun kan tó gún un lọ́kàn. Ó sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju kókó méjì lọ: àwọn ọmọ wa tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìtàn ilẹ̀ baba wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sin àwọn àgbà náà. Ó dúró sí àárín méjèèjì, ó rí i pé bí òun ò bá ṣe nǹkan kan, okùn náà máa já lójú òun.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Kò béèrè pé "kí ló máa sọ mí di ẹni ńlá?" Ohun tó béèrè ni pé "kí ló máa sọnù tí n kò bá ṣe é?" Ìbéèrè kejì yẹn ló gbé e dé ìdí ohun tó wá ṣe láyé. A kò mọ ìbéèrè mìíràn tó tún dáa jù ú lọ fún ẹni tó ń wá ọ̀nà.

Iṣẹ́ yòókù kò sì dúró dè é. Ogun Kírìjì ti bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí rán Johnson lọ sí Èkó lọ bá gómìnà òyìnbó pé kí wọ́n wá bá wọn dá sí ogun náà kó parí. Ní 1886, gómìnà Moloney rán òun àti Charles Phillips, pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ sí ojú ogun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Phillips lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀, Johnson lọ bá àwọn Ìbàdàn. Ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kí ló dé tí wọ́n fi lè rán an? Torí pé ìhà gbogbo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti fi ogún ọdún jókòó ti àwọn èèyàn, tó ń fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le, òun ni wọ́n máa wá.

Ní 1887 ó kó wá sí Ọ̀yọ́, ó di pásítọ̀ ìjọ níbẹ̀, ní 1888 sì ni wọ́n fi jẹ oyè àlùfáà. Àárọ̀ ìwàásù, ọ̀sán àbẹ̀wò, alẹ́ ìwé. Ní 1897, ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó fi orúkọ Ọ̀yọ́ sí i. Iṣẹ́ parí. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe é, láìsí kọ̀ǹpútà, láìsí iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún un.

Ká ní báyìí ni ìtàn náà parí ni, à bá ti gbàdúrà ká túká. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ àjọ míṣọ́nnárì òyìnbó kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní 1900 àbúrò Johnson lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ bá òǹtẹ̀wé náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìwé náà ti sọnù, wọn ò rí i mọ́, wọ́n ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Owó! Èlò ni wọ́n fẹ́ san lórí ohùn Kúkọ̀mí? Èlò lórí ohun tí Lágúnjú sọ? Àwọn tó sọ̀rọ̀ náà ti ń kú tán, kò sẹ́ni tó lè padà lọ bi wọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Kò rí ojú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Tó bá jẹ́ pé ohun tí a fojú rí ni a fi ń wọn ìwúlò èèyàn, ọkùnrin yìí kú sí òfo. Ká ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n bi wá pé kí ló ṣe láyé, à bá sọ pé: pásítọ̀ ni, ó sì kọ ìwé kan tó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń wo ara yín báyìí. Ẹ ti wọn ayé yín nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí.

Àbúrò Johnson tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń jẹ́ Obadiah. Dókítà ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó yege nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Aláìsàn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó bá àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, àtàwọn ìwé tó kọ́kọ́ kọ kó tó dà á kọ dáadáa. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1916, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀gbọ́n ti kú, ó fi ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam, tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Möwe ká ọkọ̀ náà mọ́ ojú òkun, ó mú un. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo èèyàn rò pé ó ti rì. Àṣé Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n wà á lọ. Ó lé lọ́dún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tó tún dé, ogun ti jẹ́ kí bébà wọ́n, kò ṣeé tẹ̀. Obadiah náà kú ní 1920.

Ní 1921, ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ìwé rẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tó tún un kọ náà ti kú. Títí di òní, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn Yorùbá tó lè fò ó dá. Àwọn onímọ̀ máa ń bá a jiyàn o, wọ́n ní ó fi ojú Ọ̀yọ́ wo ọ̀pọ̀ nǹkan ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò sì parọ́. Àmọ́ ẹ ò lè bá ẹni tí kò kọ nǹkan kan jiyàn. Iṣẹ́ tí kò pé, tó wà nílẹ̀, sàn ju èyí tó pé tó wà lọ́kàn lọ.

Kí wá ni gbogbo èyí kàn wá ní Jọbẹlẹ, ní Fìdítì, ní Ìlọrà?

Ìkíní, ẹ má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nítorí pé ẹ ń wá iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ọ̀kan ni èkejì máa ń farapamọ́ sí. Dáfídì, ìdí àgùntàn ni wọ́n ti lọ pè é. Mósè, ọ̀pá tó fi ń da ẹran ni Ọlọ́run lò. Bésálẹ́lì inú Ẹ́kísódù, ẹni tí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ní kó lọ fi Ẹ̀mí náà ṣe: wúrà, fàdákà, igi. Àwa oníwàásù ló yẹ ká máa sọ èyí jù, torí àwa ni àwọn èèyàn ń rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run wà lọ́wọ́ wa nìkan. Irọ́ ni. Télọ̀ tó rán aṣọ tó ṣe déédéé, tó sì fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá, iṣẹ́ Ọlọ́run ló ṣe yẹn.

Ìkejì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Johnson: níbi tí mo dúró sí yìí, kí ló máa sọnù tí n kò bá ṣe é? Ẹ̀yin tó ń ta èso ní Fìdítì, ẹ ń rí ọsàn àti ọ̀pẹ̀òyìnbó tó ń jẹrà torí pé kò sẹ́ni tó rà á lásìkò. Ẹnì kan nínú yín wà tí inú máa ń bí sí i ju àwọn yòókù lọ. Ìbínú yẹn lè jẹ́ ìpè. Tíṣà, ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tí kò lè kàwé, tí gbogbo èèyàn ti pa tì. Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, fáìlì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ opó kan tàbí ti ẹni tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ ò bá gbé e, kò ní kúrò níbẹ̀. Dírẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́yìn yín.

Ìkẹta, àwọn àgbà wa ṣì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀? Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, lè ṣe ohun tí Johnson fi ògùnṣọ̀ wá tí kò rí. Bàbá tó mọ bí wọ́n ṣe tẹ àdúgbò yín dó wà nínú ilé, ó ń wo yín bí ẹ ṣe ń tẹ fóònù. Ẹ lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú yìí lẹ́yìn ìsìn.

Ìkẹrin, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ yín. Ká ní Johnson da àwọn ìwé tó kọ́kọ́ kọ nù nígbà tí ó dà á kọ tán ni, ọwọ́ òfo ni Obadiah ì bá bá. Ohun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ kọ́ ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ bá a dé. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ Obadiah, ẹ má fojú kéré ara yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ẹ wá ṣe láyé ni pé kí ẹ parí ohun tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀: oko bàbá, iléèwé tí ìyá dá sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó kù sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láìsí Obadiah, kò sí Samuel.

A mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè pé, "Pásítọ̀, èmi tí n kò rí iṣẹ́ rárá ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. A ò ní fi ìtàn bo ìyà mọ́lẹ̀. Ìjọba ní ojúṣe tirẹ̀, ìjọ náà ní tirẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì yẹ kó gba owó tó máa tó o jẹun. Johnson pàápàá gba owó oṣù lórí iṣẹ́ tíṣà àti ti pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èyí tó sọ ọ́ di ẹni tí a ń rántí, ẹnikẹ́ni ò gbà á sí i. Bí ẹ ti ń wá iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìṣe nǹkan kan tí ẹlòmíì nílò. Ohun tí ẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò sú yín, ẹ fojú sí i.

Ẹni tó bá sì ń ka èyí tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ayé òun ò wúlò, pé ó sàn kí òun má sí mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ sọ fún ẹbí, ẹ sọ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọkàn ó rẹ èèyàn. Ní ọdún 1901, ẹni tó bá wo iṣẹ́ Johnson máa ní ó ti parí sí asán. Ogún ọdún ló kù.

Àdúrà wa fún yín lọ́sẹ̀ yìí ni pé kí Olúwa la ojú wa sí ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Kí ó má jẹ́ kí a fi gbogbo ọjọ́ ayé wa dúró de ohùn, nígbà tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń pè wá. Ohun tí a bá sì bẹ̀rẹ̀ tí ọjọ́ wa ò tó o parí, kí Olúwa fún wa ní ẹni tí yóò bá wa parí rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà kan tí ẹ mọ̀. Ẹ sì lọ pe àgbàlagbà kan lónìí, kí ẹ bi í léèrè ohun tó rántí.